Ẹni Ọmọ Sin Ló Bímọ: Ìtàn Ọ̀fọ̀ Àwọn Júù Etí Odò Rhine

Àwọn àgbà wa ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọjọ́ ikú là ń mọ ẹni tó ní ẹ̀yìn. Òwe náà ń tuni nínú níbi tí ayé bá ti ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, tí bàbá ń ṣáájú, tí ọmọ ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1096, ikú wọ ìlú Worms létí odò Rhine, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Jámánì lónìí. Ó kó bàbá, ó kó ìyá, ó kó ọmọ ọwọ́ mọ́ wọn. Ta ni yóò sin bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá a kú lọ́jọ́ kan náà? Ta ni yóò dúró nídìí sàréè rẹ̀, tí yóò dárúkọ rẹ̀?

Àwọn Júù Worms àti àwọn èèyàn wọn ní ìlú Mainz àti Speyer fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Apá kan nínú ohun tí Júù ń ṣe lónìí bí òkú bá kú, ìlú mẹ́ta yìí ni ó ti jáde tàbí níbẹ̀ ló ti fìdí múlẹ̀. Ìtàn wọn kún fún ẹkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìtàn àwọn èèyàn tó gbà pé òkú fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún alààyè ni.

Ẹkún tó ṣáájú

Ọ̀fọ̀ àwọn Júù kò bẹ̀rẹ̀ létí odò Rhine. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ Ìwé Ẹkún Jeremáyà. Ó mọ̀ pé Nebukadinésárì ọba Bábílónì ṣẹ́gun Jerúsálẹ́mù, ó dáná sun Tẹ́ḿpìlì tí Sólómọ́nì kọ́, ó sì kó àwọn èèyàn lọ sí ìgbèkùn. Ọdún 586 kí a tó bí Jésù nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n padà wálé, wọ́n kọ́ Tẹ́ḿpìlì kejì. Àwọn ọmọ ogun Róòmù wó ìyẹn náà ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Júù fi ń ṣọ̀fọ̀ ìparun méjèèjì, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Av nínú kàlẹ́ńdà tiwọn, tó máa ń bọ́ sí oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ náà wọn kì í jẹ, wọn kì í mu, wọn kì í wọ bàtà aláwọ. Ilẹ̀ tàbí àpótí kékeré ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọn yóò máa ka Ẹkún Jeremáyà.

Kí wọ́n tó gbẹ́kún dákẹ́, àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, béèrè ohun tó fà á. Wọn ò dá àwọn ará Róòmù láre, àmọ́ wọn ò dúró sórí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará Róòmù nìkan. Tálímúdì, ìwé ńlá tó kó àríyànjiyàn àwọn rábì jọ, sọ pé ìbọ̀rìṣà, àgbèrè àti ìtàjẹ̀sílẹ̀ ló wó Tẹ́ḿpìlì kìíní. Ṣùgbọ́n ní ìgbà Tẹ́ḿpìlì kejì, àwọn èèyàn ń kẹ́kọ̀ọ́ Tórà, ìyẹn ìwé Òfin Mósè, wọ́n ń pa òfin mọ́, wọ́n ń ṣoore. Kí ló wá wó o? Ìdáhùn wọn le: ìkórìíra láìnídìí láàárín ara wọn ni. Bí ọ̀fọ̀ ṣe di àyẹ̀wò ara ẹni lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ẹni tó ń sunkún lórí Jerúsálẹ́mù gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun náà ń kórìíra aládùúgbò òun lónìí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún jáde látinú ìgbà náà. Lẹ́yìn tí Tẹ́ḿpìlì wó, àwọn kan pinnu pé àwọn ò ní jẹ ẹran mọ́, àwọn ò sì ní mu wáìnì mọ́, torí pé orí pẹpẹ ni wọ́n ti ń fi méjèèjì rúbọ tẹ́lẹ̀, pẹpẹ ò sì sí mọ́. Rábì Joshua lọ bá wọn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má jẹ búrẹ́dì, nítorí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun rúbọ níbẹ̀. Kí wọ́n má jẹ èso, nítorí àkọ́so. Kí wọ́n má mu omi pàápàá, nítorí wọ́n ń da omi sílẹ̀ níbi pẹpẹ. Wọn ò rí èsì fọ̀. Ó wá là á yé wọn pé àìṣọ̀fọ̀ rárá kò ṣeé ṣe, àṣejù nínú ọ̀fọ̀ náà kò sì ṣeé ṣe, torí pé a kì í di ẹrù tí àwùjọ ò lè gbé lé wọn lórí. Kí èèyàn kọ́lé rẹ̀, kó rẹ́ ẹ dáadáa, kó sì fi ìwọ̀nba ibì kan sílẹ̀ lára ògiri láìrẹ́. Ibi kékeré tí wọn ò rẹ́ yẹn ni ìrántí, ilé tó kù sì jẹ́ ti alààyè.

Ọ̀gá Rábì Joshua ni Yohanan ben Zakkai. Tálímúdì pìtàn pé nígbà tí ogun ká Jerúsálẹ́mù mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Yohanan gbé e sínú pósí bí òkú, wọ́n sì gbé e kọjá ẹnubodè. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gágun Vespasian, ó sì tọrọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Yavneh pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé inú rẹ̀. Inú pósí ló gbà jáde, ilé ẹ̀kọ́ ló lọ dá sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àdúrà, ẹ̀kọ́ àti ìṣoore ti gba ipò ẹbọ nínú ẹ̀sìn wọn.

Ìlú mẹ́ta létí odò kan

Láàárín ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkọkànlá, àwọn Júù oníṣòwò tẹ̀dó sí Mainz, Worms àti Speyer. Wọ́n mú lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan lédè Hébérù, wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n ń pè é ní ShUM. Ní Worms, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacob ben David àti Rachel ìyàwó rẹ̀ fi owó wọn kọ́ sínágọ́gù ní 1034. Ní Speyer, ní 1084, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, Rüdiger, fúnra rẹ̀ pe àwọn Júù wá gbé ìlú rẹ̀, ó fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò máa sin òkú wọn sí. Ẹni tí a bá fún ní ilẹ̀ ìsìnkú, a ti gbà pé kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan.

Ní Mainz ni Rábì Gershom ti kọ́ni, tí wọ́n fi ń pè é ní ìmọ́lẹ̀ àwọn tó wà ní ìgbèkùn. Òun ni wọ́n gbà pé ó ṣe àwọn òfin ńlá kan: pé Júù ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ kọ ìyàwó rẹ̀ bí ìyàwó kò bá fẹ́, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún ṣòfin pé bí wọ́n bá fipá mú Júù kan yí ẹ̀sìn padà, tó sì ronú padà wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun tó ti kọjá bú u. Ìtàn tó wà nílẹ̀ sọ pé ọmọ Gershom kan pàápàá yí ẹ̀sìn padà, tí bàbá rẹ̀ sì fi ọjọ́ 14 ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ dípò ọjọ́ méje. Àwọn tó wá lẹ́yìn túmọ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ méje wà fún ara, méje yòókù sì wà fún ọkàn. Ẹni tí irú ọgbẹ́ yìí wà lọ́kàn rẹ̀ ló ní kí wọ́n má fi ẹ̀gbin kan ọmọ ẹlòmíràn tó padà wálé.

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Gershom, ní Mainz àti Worms, ni Rashi ará Troyes ti kẹ́kọ̀ọ́ kó tó padà sí ilẹ̀ Faransé láti kọ àlàyé rẹ̀ lórí Bíbélì àti Tálímúdì. Títí dòní, Júù tó bá ṣí Tálímúdì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ni yóò ti rí àlàyé Rashi.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1096

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1095, Póòpù Urban Kejì dúró ní Clermont, ó ní kí àwọn Kristẹni gbéra, kí wọ́n lọ gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rán àgbélébùú mọ́ aṣọ ló dé Jerúsálẹ́mù. Àwọn kan ní kí làwọn ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn tí àwọn kà sí ọ̀tá Kristi wà nítòsí. Bí ogun ṣe yíjú sí àwọn Júù etí odò Rhine nìyẹn.

Speyer ni wọ́n kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù. Júù 11 ló kú. Bíṣọ́ọ̀bù Johann kó àwọn yòókù sábẹ́ ààbò rẹ̀, ó sì gé ọwọ́ àwọn kan lára àwọn ará ìlú tó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn náà. Èyí fi hàn pé aláṣẹ tó bá fẹ́ gbani là lè gbani là. Ní Worms kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n pa àwọn tó dúró sínú ilé wọn. Àwọn tó sá wọ ààfin bíṣọ́ọ̀bù lo ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí wọ́n tó pa àwọn náà. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ lédè Hébérù ka òkú Worms sí nǹkan bí 800. Ní ọjọ́ 27, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Emicho àti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ wọ Mainz, òkú ibẹ̀ sì lé ní 1,000.

Wọ́n fi ẹ̀mí lọ àwọn Júù bí wọ́n bá gbà kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn. Àwọn kan gbà. Púpọ̀ kọ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn sì ń já, àwọn bàbá àti ìyá kan fi ọwọ́ ara wọn pa ọmọ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n pa ara wọn, kí ọmọ náà má bàa dàgbà sínú ẹ̀sìn àwọn tó pa òbí rẹ̀. Àwọn Júù ń pe ikú bẹ́ẹ̀ ní ìsọdimímọ́ Orúkọ Ọlọ́run. Mi ò lè kọ èyí kí ọwọ́ mi má gbọ̀n, àwọn tó kọ ọ́ nígbà náà pàápàá sì kọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Àwọn rábì ò kàn yìn ín kí wọ́n kọjá. Ní 1265, wọ́n kọlu àwọn Júù ìlú Koblenz, ọkùnrin kan sì pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, àmọ́ wọ́n gba òun là kó tó pa ara rẹ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Rábì Meir ará Rothenburg bóyá ó yẹ kí ọkùnrin náà ṣe ètùtù. Meir wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ẹ̀rù bà á láti sọ pé ó tọ́. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n má gbé ètùtù lé e lórí, nítorí pé bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ba orúkọ àwọn olóòótọ́ ìṣáájú jẹ́.

Ní 1097, Olú-ọba Henry Kẹrin gbà kí àwọn tí wọ́n fipá rì bọmi padà sí ẹ̀sìn bàbá wọn. Òfin Gershom ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n padà wọ sínágọ́gù láìsí ẹni tó gbọ́dọ̀ nàka sí wọn.

Àwùjọ di ọmọ

Òkú ọ̀fọ̀ pọ̀ nílẹ̀, arọ́lé ò sí. Ohun tí àwọn tó ṣẹ́kù ṣe ni pé wọ́n kọ orúkọ. Orúkọ àwọn tí wọ́n pa wọ inú ìwé tí wọ́n ń tọ́jú sí sínágọ́gù, ìwé tó wá di Ìwé Ìrántí lọ́dọ̀ àwọn Júù ilẹ̀ Jámánì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì tiwọn, tó súnmọ́ ọjọ́ tí wọ́n pa wọ́n, wọ́n á ka orúkọ náà síta, kí gbogbo ìjọ gbọ́. Ẹni tí kò bá wọn tan náà á dúró gbọ́ ọ. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti bá a kú wá ní ọmọ: gbogbo ìjọ ló di ọmọ fún un.

Àwọn akéwì kọ orin arò. Kalonymus ben Judah kọ èyí tí wọ́n ṣì ń ké lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Av títí dòní, tó dárúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú rẹ̀ ló ti sọ ìdí tí wọn ò fi ya ọjọ́ ọ̀fọ̀ tuntun sọ́tọ̀ fún 1096: wọn ò fẹ́ fi ọjọ́ kún ọjọ́. Wọ́n da òkú Worms pọ̀ mọ́ òkú Jerúsálẹ́mù, kí ọ̀fọ̀ má bàa gba gbogbo ọdún lọ́wọ́ àwọn tó wà láàyè. Ẹ rántí ibi kékeré tí Rábì Joshua ní kí wọ́n fi sílẹ̀ lára ògiri.

Ìyá ilé kan ní Worms

Lẹ́yìn 100 ọdún, ní 1196, ọkùnrin méjì tó dira ogun wọ ilé Rábì Eleazar ní Worms. Wọ́n pa ìyàwó rẹ̀, Dulcea, àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Bellette jẹ́ ọmọ ọdún 13, Hannah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Dulcea sáré bọ́ síta láti ké gbàjarè sí àwọn aládùúgbò, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á.

Eleazar kọ arò fún wọn, arò náà sì ṣọ̀wọ́n nítorí pé ó sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú rẹ̀ la ti mọ̀ pé Dulcea ló ń fi òwò bọ́ ilé, bọ́ ọmọ, bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ rẹ̀, kí ọkọ lè jókòó ti ìwé. Ó ń ran òwú tí wọ́n fi ń gán ìwé. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní orin àdúrà. Ó ń ṣe ìyàwó tuntun lọ́ṣọ̀ọ́, ó ń wẹ òkú, ó sì ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń di òkú. Bellette mọ iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́. Hannah ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lójoojúmọ́. Obìnrin tó ti wẹ òkú ọ̀pọ̀ ará ìlú, ọwọ́ ẹlòmíràn ló padà wẹ òun.

Eleazar ò fi ìwé kíkọ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí òfin àti ìrònúpìwàdà, tí wọ́n ń pè ní Rokeach, wà lọ́wọ́ àwọn Júù dòní. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtàn tó gbé àdúrà ọ̀fọ̀ tí gbogbo Júù mọ̀ jù lọ dúró ti wá.

Kádíṣì

Rábì Isaac ará Vienna kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀gá òun, Eleazar ará Worms, ló rí ìtàn yìí. Rábì Akiba, rábì àtijọ́ kan, pàdé ọkùnrin kan lójú ọ̀nà. Ìhòòhò ló wà, ó dúdú bí èédú, ó ru igi kìtìkìtì lórí, ó sì ń sáré bí ẹṣin. Akiba dá a dúró, ó bi í pé kí ló dé. Ọkùnrin náà ní òkú lòun. Agbowó-orí lòun nígbà ayé òun, òun ń ṣojúsàájú fún olówó, òun sì ń pa tálákà. Igi tí wọn yóò fi sun òun lòun ń lọ ṣẹ́ lójoojúmọ́. Akiba bi í bóyá kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní òun gbọ́ pé bí òun bá ní ọmọ tó lè dúró láàárín ìjọ, tó yin Ọlọ́run, tí ìjọ sì dáhùn, wọn yóò tú òun sílẹ̀. Àmọ́ oyún lòun fi sílẹ̀ sára ìyàwó òun, òun ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ló bí. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, ta ni yóò kọ́ ọmọ ènìyàn burúkú?

Akiba wá ìlú náà rí. Àwọn ará ìlú ṣépè fún orúkọ òkú náà. Ó béèrè ọmọ. Wọ́n ní ó wà, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ dá a lábẹ́. Akiba mú ọmọ náà sọ́dọ̀, ó ń kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ò wọlé. Ó gbààwẹ̀ 40 ọjọ́ nítorí rẹ̀, títí ọkàn ọmọ fi ṣí. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà dúró láàárín ìjọ, tó yin Ọlọ́run, tí ìjọ dáhùn, bàbá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyà, ó sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Akiba lójú àlá.

Ẹ wo ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú ìtàn yìí. Ọmọ sọ̀rọ̀, ìjọ dáhùn, àmọ́ àlejò tí kò bá òkú náà tan ló gbààwẹ̀. Àdúrà tí ọmọ ń sọ lónìí ni Kádíṣì. Èdè Árámáíkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì mẹ́nu kan ikú rárá. Ìyìn Ọlọ́run ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìtọrọ pé kí ìjọba Rẹ̀ dé àti kí àlàáfíà wà. Ẹni tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ na lẹ́gba ni wọ́n fi ìyìn sí lẹ́nu. Kò sì lè dá a sọ, àfi kí èèyàn mẹ́wàá pé. Oṣù 11 ni ọmọ fi ń sọ ọ́ fún òbí. Wọn kì í sọ ọ́ pé oṣù 12, nítorí ìwé àtijọ́ sọ pé oṣù 12 ni ìdájọ́ ènìyàn burúkú, ọmọ ò sì gbọdọ̀ fi hàn pé ènìyàn burúkú ni òbí òun.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, iṣẹ́ ọmọkùnrin ni wọ́n ka Kádíṣì sí. Ní 1916, ìyá Henrietta Szold kú ní Amẹ́ríkà. Henrietta ló dá Hadassah, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Júù, sílẹ̀ ní 1912. Ọ̀rẹ́ ẹbí kan ní òun yóò bá wọn sọ Kádíṣì, torí pé ìyá náà kò ní ọmọkùnrin. Szold dúpẹ́ púpọ̀, àmọ́ ó kọ̀. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́jọ ni ìyá òun bí, òun ò sì rántí pé bàbá òun kédàárò ọmọkùnrin rí. Òun ọmọ ni ojúṣe náà já lé léjìká, òun ni yóò sì ṣe é. Lónìí ọ̀pọ̀ obìnrin Júù ń sọ Kádíṣì fún òbí wọn.

Ọ̀fọ̀ nínú ilé

Bí Júù bá kú, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà nínú ìjọ tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Mímọ́. Àwọn ló ń wẹ òkú, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun tí kò lápò fún un. Wọn kì í gbowó. Wọ́n ń pe iṣẹ́ náà ní oore òtítọ́, nítorí òkú kò lè san án padà. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú yìí ní ìtàn. Láyé àtijọ́, ìnáwó ìsìnkú le fún ẹbí ju ikú fúnra rẹ̀ lọ, débi pé àwọn kan ń gbé òkú sílẹ̀ sá lọ. Rábáànì Gamaliel, ọlọ́lá ni, ó ní aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán ni kí wọ́n fi sin òun. Láti ọjọ́ náà, olówó àti tálákà di ẹgbẹ́ nínú sàréè. Ẹni tó bá ti tọrùn bọ gbèsè nítorí òkú nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ ìtura tí Gamaliel fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọmọ òkú á fa aṣọ ya, bí Jákọ́bù ti ya aṣọ rẹ̀ nítorí Jósẹ́fù. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á jókòó sílé fún ọjọ́ méje lórí àpótí kékeré. Wọn kì í jẹ oúnjẹ tiwọn ní ìjẹun àkọ́kọ́; aládùúgbò ló ń gbé e wá, ẹyin tàbí lẹ́ńtìlì, ohun roboto tí kò lẹ́nu. Àlejò tó wá kí wọn kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yóò jókòó títí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ yóò fi lanu, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ti jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ 30 ló tẹ̀ lé e, tí ọ̀fọ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fọ̀ òbí nìkan ló ń dé oṣù 12. Lọ́dọọdún, wọ́n á tan àbẹ́là kan tó ń jó láti alẹ́ dé alẹ́. Ọjọ́ méje, ọjọ́ 30, oṣù 12: àtẹ̀gùn ni, tí wọ́n fi ń mú ẹni tí ikú fọ́ lẹ́sẹ̀ padà sọ́jà àwọn alààyè.

Òkú tó dúró 14 ọdún

Meir tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ Koblenz, Worms ni wọ́n bí i sí. Ní 1242, wọ́n kó Tálímúdì jọ ní Paris, wọ́n kó o sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba. Meir kọ arò fún ìwé náà bí ẹni ń kọ ọ́ fún èèyàn, arò yẹn náà wà lára àwọn tí wọ́n ń ké ní oṣù Av. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ní 1286, ó kó ẹbí rẹ̀, ó gbéra kúrò nílẹ̀ Jámánì. Ẹnì kan dá a mọ̀ lọ́nà, wọ́n mú un, Ọba Rudolf ti Jámánì sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Àwọn Júù múra láti san owó ńlá kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Ìtàn tí àwọn rábì fi lélẹ̀ sọ pé Meir fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Òfin àtijọ́ ní a kò gbọdọ̀ san owó tó ju bó ṣe yẹ lọ láti ra òǹdè padà. Bí wọ́n bá san án nítorí òun, gbogbo rábì ilẹ̀ náà ló di ọjà. Ó wà lẹ́wọ̀n, ó ń dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i, títí ó fi kú ní 1293. Wọn ò yọ̀ǹda òkú rẹ̀. Ọdún 14 ni òkú náà fi wà níbẹ̀. Ní 1307, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexander ben Salomon Wimpfen san owó tí wọ́n béèrè. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ, pé bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ Meir. Kò pẹ́ tó fi kú, wọ́n sì ṣe bó ṣe wí.

Iná tún jó

Ní 1349, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ń pa Yúróòpù. Wọ́n parọ́ mọ́ àwọn Júù pé wọ́n fi májèlé sínú kànga, wọ́n sì tún pa wọ́n ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1615, wọ́n lé àwọn Júù kúrò ní Worms. Wọ́n padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1689, ọmọ ogun Faransé dáná sun ìlú náà, àwọn Júù sì tún sínágọ́gù wọn kọ́. Ní ọ̀rúndún kan náà, Juspa, olùtọ́jú sínágọ́gù, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣà ìlú náà sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ àjọ̀dún àti lọ́jọ́ òkú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, ẹgbẹ́ Hitler sun sínágọ́gù náà, wọ́n sì wó ohun tó kù nínú rẹ̀. Júù tó lé ní 1,000 ló ń gbé Worms nígbà tí Hitler gorí àlééfà. Àwọn kan sá lọ. Àwọn tó kù, wọ́n kó wọn lọ ní 1942. Wọ́n wọ inú iye àwọn Júù bíi 6,000,000 tí wọ́n pa ní Yúróòpù. Àwọn tó là kọ́ ohun tí àwọn bàbá wọn ṣe ní 1096: wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìrántí, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀.

Worms ní ìwé àdúrà ńlá kan tí wọ́n fọwọ́ kọ ní 1272. Nínú ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ ni gbólóhùn èdè Yídíìṣì, èdè àwọn Júù Yúróòpù, tó tíì pẹ́ jù tí a mọ̀ wà, ìre ló sì jẹ́: ó ń súre fún ẹni tó bá gbé ìwé náà lọ sí sínágọ́gù. Lásìkò Hitler, nígbà tí kò sí Júù tó lè gbé e mọ́, Friedrich Illert, olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlú náà, ló wá ọgbọ́n gbé e pamọ́ sínú kàtídírà. Kì í ṣe Júù. Ní 1957, ìwé náà gbéra lọ sí Jerúsálẹ́mù, ibẹ̀ ló wà títí dòní. Wọ́n ṣa òkúta sínágọ́gù inú àwókù, wọ́n fi tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 1961. Ní 2021, àjọ UNESCO kọ ohun ìrántí àwọn Júù ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé ogún gbogbo ayé.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Akiba kò bí ọmọ agbowó-orí, Alexander kì í ṣe ọmọ Meir, Illert kò tilẹ̀ sí nínú ẹ̀sìn àwọn tó gbé ìwé wọn pamọ́. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n ṣe. Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, o ní òkú tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn mọ́, nínú ẹbí rẹ tàbí ní àdúgbò rẹ. Kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Bí gbèsè kan bá wà tí wọ́n jẹ tálákà, san án. Bí ọmọ wọn kan bá wà tí wọn ò kọ́, kọ́ ọ.

Ní itẹ́ òkú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Iyanrìn Mímọ́, ní Worms, òkúta Meir àti ti Alexander ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn tó ń ṣèbẹ̀wò ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí títí dòní.